Wáyà Tí Kò Mọ Ilé Ẹ̀

Ẹ sún mọ́bí, ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó ní ẹ̀gúsí láti bó kó máa bó o, kò dí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ṣé ẹ rántí Àdùkẹ́? Rárá o, kì í ṣe Àdùkẹ́ aláṣọ òkè tó kó lọ sí Mọ́níyà. Àdùkẹ́ Bàbá Tíṣà ni mò ń wí, mọ́tò Morris Minor aláwọ̀ eérú tó ń gbé abẹ́ igi máńgòrò, èyí tí adìyẹ Ìyá Ẹlẹ́kọ ti sọ abẹ́ ẹ̀ di yàrá ìgbẹ̀bí. Gbogbo wa ti gbà pé ara ilé ni, bíi kànga, bí ọlọ ìyá àgbà. Ta ló ń retí pé ọlọ máa rìn?

Ó rìn o! Mo ní ó rìn! Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sáré. Bí mo bá sáré, Bàbá Rísì á ní mo ti tún fi ìdí ìtàn síwájú.

Ìgbéyàwó ló fà á. Ọmọ ọmọ Bàbá Tíṣà, nọ́ọ̀sì yẹn, èyí tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó kíni, ló mú ọkọ wálé. Bàbá ní kò sí mọ́tò tí yóò gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì bí kò ṣe Àdùkẹ́. Gbogbo ilé dákẹ́ lọ. Ẹni àádọ́rùn-ún ọdún ló ń sọ̀rọ̀, mọ́tò tó sì ń sọ nípa ẹ̀, ó ti tó ọdún méjìdínlógún tó ti wà lójú kan. Màmá Tíṣà nìkan ló fèsì, kò tilẹ̀ gbójú sókè: "Ẹ̀yin àti ìyàwó yín yẹn."

Ẹ ò lè dá Màmá lẹ́bi. Ọdún òmìnira gan-an, 1960, ni Bàbá yáwó lẹ́nu iṣẹ́ ra mọ́tò náà, wọ́n sì ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ lára owó oṣù. Màmá ní lọ́dún náà, ẹran inú ọbẹ̀ àwọn kò ju èékánná ọmọdé lọ. Bí ẹ bá sì bi Bàbá pé ta ni ààyò nínú Màmá àti Àdùkẹ́, á kọ́kọ́ wúkọ́.

Bàbá a máa sọ ìtàn ìdílé Àdùkẹ́ bí ẹni ń kì í. Ẹ ti gbọ́ ọ ní gbogbo Kérésì, ẹ tún un gbọ́: Issigonis lorúkọ ẹni tó ya àwòrán ẹ̀, òun náà ló padà ṣe Mini. Wọ́n ti ṣe mọ́tò àkọ́kọ́ tán kó tó wò ó pé ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Kí ló ṣe? Ó ní kí wọ́n là á sí méjì láti imú dé ìdí! Ó ń sún apá kan síbìí, ó ń sún apá kan sọ́hùn-ún, títí ojú ẹ̀ fi gbà á: ínṣì mẹ́rin. Wọ́n ti ṣe bọ́ńpà ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, ni wọ́n bá gé òun náà láàárín, wọ́n fi irin pélébé dí àlàfo ẹ̀. Nígbà tí Lord Nuffield, ẹni tí wọ́n ń fi orúkọ ẹ̀ pe Morris gan-an, wá rí mọ́tò yìí, ó ní ó jọ ẹyin tí wọ́n fọ́ sínú omi gbígbóná. Wọ́n gbé e jáde ní 1948, wọ́n sì ta ẹyin náà ju mílíọ̀nù kan lọ. Tí Bàbá bá ti dé ibi ẹyin yìí, á fọwọ́ pa Àdùkẹ́ lórí, á ní, "Má dá wọn lóhùn."

Níbo ni mo wà? Ẹ̀n-ẹ́n, riwáyà tó máa tún iná Àdùkẹ́ ṣe. Ẹ mọ Riwáyà wa, ẹni tí ìsọ̀ ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláta, tó máa ń fi eyín bó wáyà tí gbogbo wa ń pariwo lé e lórí. Ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n Ìjàpá ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà, Volkswagen. Ọ̀gá ẹ̀ ti ń tún Ìjàpá ṣe látìgbà tí wọ́n ti ń tò ó pọ̀ ní Òjó l'Ékòó, láti 1975, ìgbà tí Ìjàpá orí títì pọ̀ ju ti inú igbó lọ. Àwọn Jámánì sì ní ètò, nọ́ńbà ni wọ́n ń kọ sẹ́nu ibi tí wáyà ń wọ̀. 30 ni iná tààrà láti inú bátìrì, 15 ni èyí tí kọ́kọ́rọ́ ń ṣí, 31 ni ilẹ̀. Riwáyà lè kà á bíi Sáàmù. Ó mọ àwọ̀ náà: búráùn, ilẹ̀ ló ń lọ. "Ilẹ̀ pupa, wáyà búráùn," bó ṣe máa ń sọ fún Pílásì ọmọṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn, "kí ló tún lè dàrú níbẹ̀?"

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀, ilẹ̀ tí wọ́n ń wí yìí kì í ṣe èyí tí à ń gbá láràárọ̀. Irin ara mọ́tò ni. Iná dà bí ọmọ tí a rán níṣẹ́: inú wáyà ló gbà lọ, ara irin ló gbà padà sílé, sínú bátìrì. Ọmọ tí kò bá rí iṣẹ́ jẹ́ lọ́nà, eré àsápajúdé ló máa sá délé. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọjọ́ Sátidé ni Riwáyà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kò bá nọ́ńbà tó ń wá. Wọ́n ti fi òwú hun gbogbo wáyà pọ̀ bí ẹni fi ọ̀já wé ọmọ, eku sì ti jẹ ọ̀já náà, àwọn ọmọ ti já sílẹ̀ kiri. Ó rí búráùn méjì tó sanra, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni rí ará ilé ẹ̀ lójú ọjà, ó dè wọ́n mọ́ irin. Pílásì so bátìrì.

Ẹ̀yin èèyàn mi, èéfín! Adìyẹ méje jáde lábẹ́ mọ́tò lẹ́ẹ̀kan náà, a ò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n pé méje. Ìyá Ẹlẹ́kọ, tí iná kan náà ni gbogbo iná lójú ẹ̀, gbé kẹ́tù omikan, ó dà á sí i látòkè délẹ̀. Pílásì ló ní làákàyè, ó fi àkísà gbá orí bátìrì mú, ó fà á yọ. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni Àdùkẹ́ fi ń rùn bí ògì kíkan. Bàbá Tíṣà yọjú lójú fèrèsé, ẹ mọ̀ pé etí ẹ̀ ti wúwo, ó ní, "Riwáyà, ṣé o ti ń parí ẹ̀?"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí: ní Mọ́rìsì, búráùn ni iná tààrà! Orí bátìrì ló ti ń bọ̀, kò kí súìsì, kò kí fíúsì. Dúdú ni ilẹ̀ tiwọn. Jámánì ní ilẹ̀ pupa, Gẹ̀ẹ́sì ní ilẹ̀ dúdú, àfi bí ẹni pé àgbẹ̀ ni wọ́n, tí oníkálùkù ń fi oko ẹ̀ yangàn. Kò sì tán síbẹ̀. Orí pósítíìfù bátìrì ni wọ́n so mọ́ irin mọ́tò, kì í ṣe nẹ́gẹ́tíìfù. Riwáyà káwọ́ lérí. "Bàbá, ta ló ń ṣe báyìí?"

Bàbá ní, "Àwọn tó kọ́ wa ní ìwé."

Ojú ti Riwáyà. Ló bá tẹ bàbá tó kọ́ ọ̀gá ẹ̀ níṣẹ́ láago. Bàbá yẹn ti fẹ̀yìn tì sí Ìwó, ojú ẹ̀ ti ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n ìdí mọ́tò Gẹ̀ẹ́sì ló ti lo ìgbà èwe ẹ̀. Nẹ́tíwọọ̀kì wa, ẹ sáà mọ̀ ọ́n, àfi kí Pílásì gun igi máńgòrò, kó na fóònù sókè, ohùn bàbá wá ń ti àárín ewé bọ̀ bí ohùn wòlíì.

"Búráùn, ẹ má fọwọ́ kàn án. Dúdú, ilẹ̀. Funfun, kọ́kọ́rọ́ ló ń ṣí i, ọ̀dọ̀ kọ́ìlì àti pọ́ǹpù epo ló ń lọ. Pọ́pù, ti họ́ọ̀nù, òun ò mọ kọ́kọ́rọ́ kankan. Búlúù, iná ńlá iwájú. Pupa, iná kékeré àti ti ẹ̀yìn. Àwọ̀ ewé, gbogbo iṣẹ́ wẹ́wẹ́ tó kù: wáípà, géèjì epo, iná bíréèkì, tiráfíkétọ̀." Ó mí kanlẹ̀. "Kí ẹ sì máa wo ìlà ojú wọn. Àwọ̀ tó gba gbogbo ara ni ìdílé, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ló máa sọ fún yín pé ọmọ èwo ni nínú ìdílé náà."

Àbí ẹ ò rí nǹkan? Wáyà tó kọlà! A gbé àkísà àti pẹtiróòlù díẹ̀, gbogbo ilé jókòó yí mọ́tò ká, a ń fọ ojú wáyà. Bàbá Rísì, tí kì í fọ abọ́ tó fi jẹun, ń fọ ojú wáyà!

Pílásì ló ń fi tépù kọ orúkọ mọ́ wọn lára. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì á da òun lórí rú, ló bá fi orúkọ àwa ará ilé sọ wọ́n. Búráùn di Ìyá Ẹlẹ́kọ, nítorí ó gbóná nígbà gbogbo. Pọ́pù di Bàbá Rísì, tó lè pariwo láàárín òru láìbi ẹnikẹ́ni. Dúdú di Màmá Tíṣà, torí ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ń parí sí. Àwọ̀ ewé ńkọ́, èyí tó ń wọ ibi gbogbo, tí kò sí kọ̀rọ̀ tí kò dé? Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo ní. Èmi ni.

A ò tiẹ̀ lẹ́nu láti fi Àdùkẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú ilé tí à ń gbé yìí, ṣebí súìsì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló ń pa iná ilé ìwẹ̀ Bàbá Rísì? Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti bá mi jà pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Riwáyà fara balẹ̀ wàyí. Tẹ́sítà ẹ̀ kò ju gílóòbù kékeré kan pẹ̀lú wáyà méjì lọ. Wáyà kan ló ń tú lẹ́ẹ̀kan, kò gé ọ̀kankan. Á tẹ ẹnu tẹ́sítà mọ́ ọn níbìí, Pílásì á lọ dúró nídìí mọ́tò, á pariwo, "Ó tàn!" tàbí "Kò tàn!" Fíúsì méjì péré ni Àdùkẹ́ ní, ẹ gbọ́ ná, méjì! Iná ńlá iwájú kò tilẹ̀ gba inú ọ̀kankan kọjá. Bí ọ̀kan bá jó, ìdajì ilé ló máa ṣú.

Ní ọjọ́ kẹrin, Bàbá fúnra ẹ̀ yí kọ́kọ́rọ́. A gbọ́ kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́ níwájú mọ́tò. Pọ́ǹpù epo ni. Ó kan kíákíá, ó wá ń rọra kan, ó dákẹ́. Bàbá tí kì í gbọ́ bí a bá ń pè é jẹun gbọ́ ìyẹn. Ó yọ jígí ojú ẹ̀, ó nù ún pẹ́, kò sì sí ẹ̀rí pé ó dọ̀tí.

Gbogbo wáyà ti délé nígbà náà, àfi ẹyọ kan.

Lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù la ti rí i. Ara àwọ̀ ewé, ìlà pupa. Orí ẹ̀ kan kò so mọ́ nǹkan kan, ìyókù sá gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lọ, ó yọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn iwájú lápá òsì, ó gun òpó tó wà láàárín ilẹ̀kùn náà àti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó wọnú irin, ó tán. Kò sí gílóòbù níbẹ̀, kò sí súìsì. Irin tí wọ́n kùn mọ́lẹ̀ dídán ni. Pílásì kọ "Àlejò" sí i lára.

Wọ́n tẹ Ìwó láago. "Àwọ̀ ewé, ìlà pupa?" ni bàbá ní. "Tiráfíkétọ̀ òsì."

Ṣùgbọ́n tiráfíkétọ̀ òsì ti ń tàn! Níwájú, lẹ́yìn, ó ń ṣẹ́jú, wáyà pupa kan tí wọ́n fi ṣe iná ilé ni riwáyà ayé àtijọ́ kan fi fà á. Riwáyà wa sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Bàbá Ìwó ní, "Tiráfíkétọ̀ òsì ni mo wí." Wọ́n gbé fóònù sọ̀ kalẹ̀, Riwáyà mi orí, ó ní àgbà ti dé sí bàbá.

Ọjọ́ mẹ́ta ni gbogbo ilé fi sọ̀rọ̀ Àlejò. Bàbá Rísì ní rédíò ni. Ìyá Ẹlẹ́kọ ní oògùn ni, pé àwọn tíṣà ìgbà yẹn kì í fi mọ́tò wọn sílẹ̀ lásán. Èmi ò sọ nǹkan kan, ẹ mọ̀ mí, mo kàn ní kí wọ́n ṣí i wò. Bí wọ́n bá bi Bàbá Tíṣà fúnra ẹ̀, á pòṣé, á ní, "Ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀. Olè ti dé ibẹ̀." Olè báwo? Kò ní sọ. Màmá Tíṣà jókòó síbi tí í jókòó sí, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ṣé ẹnì kan bi í? Ta ló ń bi obìnrin ní ọ̀rọ̀ wáyà!

Riwáyà wá dọ́gbọ́n kan. Ó fi tẹ́sítà sáàárín iná àti Àlejò, gílóòbù ẹ̀ sì tàn bàìbàì. Ó fò sókè! Ṣé ẹ rí i, bí wáyà náà bá ti já, gílóòbù ò ní tàn rárá. Bó bá sì fara kan irin lásán, á tàn rokoṣo. Bàìbàì túmọ̀ sí pé nǹkan kan wà nínú òpó yẹn tó ń gba iná lọ́wọ́ ẹ̀. Nǹkan tó ń jẹ́ iṣẹ́!

Ó yọ tẹ́sítà kúrò, ó fi iná kan Àlejò tààrà. "Kẹ́," ni inú irin dáhùn.

A sún sẹ́yìn. Ó tún kàn án. "Kẹ́." Pílásì ní alángbá ni. Ó kàn án nígbà kẹta, ìkẹrin, ìkẹwàá, ó ń gbóná sí i, ó ń bú Àlejò bí ẹni bú ìbákà. Mi ò mọ iye ìgbà tó kàn án kó tó já o. Mo kàn gbọ́ "fàà!", ọ̀dà ya, tépù àtijọ́ ya, apá kan yọ lára mọ́tò! Apá o! Pẹlẹbẹ, ó gùn tó ṣíbí ìkọ́bẹ̀, àwọ̀ ọsàn ni jígí ara ẹ̀, ó ti ìsàlẹ̀ gbéra, ó na gbọnrangandan bí ẹni ń dá mọ́tò dúró. Ìyá Ẹlẹ́kọ ti dé ẹnu ọ̀nà ìta kó tó pariwo Jésù. Pílásì dọ̀bálẹ̀ kí i. Mo búra, ó dọ̀bálẹ̀.

Tiráfíkétọ̀ nìyẹn! Tiráfíkétọ̀ gidi, èyí tó bí orúkọ náà. Kí wọ́n tó máa fi iná tó ń ṣẹ́jú sí Morris Minor ní 1961, apá ló ń nà bí awakọ̀ bá fẹ́ yà. Apá ti kúrò láyé, àwa kò jẹ́ kí orúkọ ẹ̀ kú. Dírẹ́fà dánfó tí wọn kò tíì bí ìyá ẹ̀ nígbà náà ń pe iná ẹ̀ ní tiráfíkétọ̀ dòní olónìí. Bàbá Ìwó kò ṣìwí. Àwa la ṣì í gbọ́.

Bàbá Tíṣà jáde. Ó wo apá náà títí. Ó ní, "Kò jí i?"

Ta ni kò jí kí ni? Ibẹ̀ ni Màmá ti gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo ní kó lẹ̀ ẹ́ pa."

Ẹ jẹ́ kí n mu omi.

Ṣé ẹ mọ ọjọ́ tí Nàìjíríà kúrò lápá òsì títì bọ́ sápá ọ̀tún? 2 oṣù kẹrin 1972, ọjọ́ Àìkú, Àjíǹde Jésù gan-an lọ́dún náà. Bàbá gbé Màmá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Apá ọ̀tún ni sítíárìn Àdùkẹ́ wà, òsì ni Màmá ń jókòó sí. Títí di ọjọ́ yẹn, ẹ̀gbẹ́ títì ló máa ń sọ̀ sí wọ́ọ́rọ́wọ́. Lọ́jọ́ náà, nítorí pé ọ̀tún ni wọ́n ń dúró sí, ojú títì ló sọ̀ sí. Ó bẹ̀rẹ̀ láti mú Bíbélì lórí ìjókòó, gèlè dàmáàsìkì tuntun lórí ẹ̀. Bàbá fẹ́ lọ wá ibi tó máa gbé mọ́tò sí. Láyé òsì, apá ọ̀tún ni ìbá nà. Láyé ọ̀tún, apá òsì ni, òfin ni, tíṣà sì ni Bàbá, kì í rú òfin. Ó na apá òsì. Apá gbé gèlè. Bàbá wakọ̀ lọ.

Ó gbé gèlè náà kọjá níwájú gbogbo ìjọ bí àsíá, ó kí bíṣọ́ọ̀bù, bíṣọ́ọ̀bù kí gèlè.

Nígbà tí Bàbá fi mọ́tò sílẹ̀ fún Bàbá Pẹ́ńtà kó kùn ún lọ́dún yẹn kan náà, Màmá gba ẹ̀yìn lọ bá a, ó fún un ní ṣílè mẹ́wàá, náírà ò tíì dé. Ó ní kó lẹ apá méjèèjì pa, kó fi ọ̀dà bò ó, kó sì gbàgbé pé òun wá. Bàbá gba mọ́tò, kò rí apá, ó ní Pẹ́ńtà ti tú u tà. Títí Bàbá Pẹ́ńtà fi jáde láyé, Bàbá Tíṣà kò kí i tán rí, á kí i dé "ẹ káà", á gbé "rọ̀" mì. Pẹ́ńtà náà kò sì tú àṣírí. Irú ọkùnrin yẹn ṣì wà?

Bàbá gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán, a rò pé yóò bínú. Ó yíjú sí Riwáyà, ó ní, "Ṣí ti ọ̀tún náà." Ọjọ́ kejì, ó gbé ìgò gíìnì kan dání lọ sílé àwọn ọmọ Pẹ́ńtà. Ohun tó lọ sọ, wọn ò sọ fún mi, mo sì bi wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta.

Gílóòbù tẹ́ẹ́rẹ́ inú apá ló kù, Pílásì wá a títí lọ́jà Gate, ó rí méjì. Ọjọ́ ìgbéyàwó, Riwáyà ló wakọ̀, Bàbá jókòó tì í, ó gbé ọwọ́ lé súìsì tiráfíkétọ̀ bí ọba tó di ìrùkẹ̀rẹ̀ mú. Ìyàwó wà lẹ́yìn pẹ̀lú ìyá ìyá ẹ̀. Bí a bá dé oríta, apá á yọ, ọmọdé á hó yèè. Ibi tí kò sí oríta náà, apá ń yọ.

Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyàwó sọ̀ kalẹ̀, gbogbo èèyàn ń wo ìyàwó. Èmi ń wo Màmá Tíṣà. Ó ti ẹsẹ̀ kan jáde, ó wo òpó mọ́tò, ó wo ọkọ ẹ̀. Bàbá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kó lè rí i pé kò mú nǹkan kan. Màmá di gèlè ẹ̀ mú gírígírí, ó sì fi ìdí sọ̀ kalẹ̀.